Títẹ magasíìnì àti ẹ̀bùn ní ẹ̀dà díẹ̀: àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tí ó ti lò ó

Ọdún méjì ni mo fi ya àwòrán ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: ọwọ́ tí ń hun aṣọ, ọwọ́ tí ń gbẹ́ igi, ọwọ́ tí ń rán bàtà. Orí fóònù nìkan ni àwọn ènìyàn ti ń rí wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi àtàǹpàkò ti àwòrán kan kọjá kí ojú wọn tó balẹ̀ sí i. Nígbà tí mo pinnu pé àwọn àwòrán náà yóò di magasíìnì tí ènìyàn lè gbé lé orí ẹsẹ̀ kí ó máa ṣí i, tí kàlẹ́ńdà, káàdì àti ìwé àkọsílẹ̀ yóò sì bá a rìn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, mo gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń tẹ iye ẹ̀dà tí oníbàárà bá fẹ́, ìbáà ṣe ẹyọ kan péré. Mo ti lo iṣẹ́ wọn nígbà mẹ́ta báyìí, mo sì ti mọ ibi tí mo dúró sí lórí rẹ̀: magasíìnì wọn dára ju bí mo ṣe retí lọ, ẹ̀bùn wọn kò dọ́gba rárá, ẹ̀dà àyẹ̀wò, ìyẹn ẹyọ kan tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ wò kí n tó tẹ ìyókù, ni ó sì ṣe mí ní àǹfààní jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo sanwó fún.

Irú ilé iṣẹ́ báyìí ti pẹ́ díẹ̀. Lulu bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, Blurb tẹ̀ lé e ní 2005, HP sì gbé MagCloud jáde ní 2008 fún àwọn tí ó fẹ́ tẹ magasíìnì tiwọn. Ilé iṣẹ́ tí mo lò kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dígítà ni ó la ọ̀nà náà. Nínú ìtẹ̀wé ọfusẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní láti ṣe pléètì, àwo irin pẹlẹbẹ tí àwòrán ojú ìwé wà lára rẹ̀, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́rin tí ìtẹ̀wé ń lò, ìyẹn síánì, màgẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Owó pléètì àti ti ìmúrasílẹ̀ ẹ̀rọ kì í sì í yí padà, ìbáà ṣe ẹ̀dà 20 ni ènìyàn fẹ́ tàbí 20,000. Ìdí nìyí tí ọfusẹ́ẹ̀tì fi ń dínwó fún ẹni tí ó bá tẹ̀ púpọ̀, tí ó sì ń wọ́n gógó fún ẹni tí ó fẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ dígítà kò lo pléètì. Inú fáìlì ni ó ti ń tẹ ojú ìwé tààrà, nítorí náà iye tí ẹ̀dà kìíní jẹ́ àti iye tí ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Fún èmi tí mo fẹ́ ẹ̀dà 60, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ 2,000, kí ó wá onítẹ̀wé ọfusẹ́ẹ̀tì lọ.

Magasíìnì tí a fi wáyà dì ní àárín kì í gba iye ojú ìwé tí ó bá ṣáà wu ènìyàn. Bébà kan tí a ṣẹ́ po sí méjì a máa di ojú ìwé 4, nítorí náà àròpọ̀ ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ojú ìwé 46 ni mo gbé lọ. Ìkànnì wọn dá a padà lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn tí ó yé mi, mo sì yìn wọ́n fún èyí. Mo fi àwòrán méjì kún un, ó di 48. Ohun tí ìkànnì náà kò sọ ni pé bí bébà 12 bá wọ inú ara wọn, àwọn ti àárín a máa yọ síta ju ti òde lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n yóò gé etí gbogbo wọn dọ́gba. Ojú ìwé àárín yóò wá pàdánù díẹ̀ nínú fífẹ̀ rẹ̀. Igun ìsàlẹ̀, létí pátápátá, ni mo fi nọ́ńbà ojú ìwé sí. Ní ojú ìwé 4 ó dúró dáadáa. Ní ojú ìwé 24 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí mo ń sọ, kí ó mú bébà 12, kí ó tò wọ́n lé ara wọn, kí ó ṣẹ́ wọn po, kí ó sì wo etí wọn láti ẹ̀gbẹ́: yóò rí i bí wọ́n ṣe ń yọ bí àtẹ̀gùn kékeré.

Ọ̀bẹ ẹ̀rọ kì í gé bébà ní ojú kan náà gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè pé kí àwòrán tí yóò kún ojú ìwé kọjá ibi tí wọ́n yóò ti gé e, ní nǹkan bíi milimíta 3 ní etí kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé A4 tí ó jẹ́ milimíta 210 sí 297 yóò wá di 216 sí 303 nínú fáìlì. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ létí àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtóbi àwòrán náà tún wà níbẹ̀. Ìtẹ̀wé tí yóò mọ́ kedere fẹ́ bíi píkísẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan. Àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 1,080, irú èyí tí ń dán gbinrin lórí fóònù, kò sì lè fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ lórí bébà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàìbàì. Nǹkan bíi 2,480 sí 3,508 ni A4 ń fẹ́. Àwòrán mẹ́rin tí mo fẹ́ràn gidigidi ni mo ní láti yọ kúrò nítorí èyí, ó sì dùn mí. Ìkànnì náà fi àmì pupa sí ara wọn kí n tó sanwó. Bí kì í bá ṣe ti àmì náà, ǹ bá ti tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ó ń pò mọ́ra láti inú wá. Bébà kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Yíǹkì tí ó wà lójú rẹ̀ a máa gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yàrá mọ́ra, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń padà wá sí ojú wa. Àwọn àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe tí yíǹkì mẹ́rin kò lè ṣe, búlúù tí ó tàn gan-an sì wà lára wọn. Nínú ẹ̀dà àyẹ̀wò mi, òwú búlúù tí ó wà lórí òfì, tí ó jẹ́ ẹ̀mí àwòrán ojú ìwé 9, ti di àwọ̀ àlùkò. Ohun tí ó tún bà mí nínú jẹ́ ju ìyẹn lọ ni ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí mo yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lójú kọ̀ǹpútà, mo rí gbogbo ìlà awọ tí ó wà lórí oríkèé ìka rẹ̀, mo rí ìyẹ̀fun igi tí ó há sí abẹ́ èékánná rẹ̀. Lórí bébà, ibi tí òjìji wà lára ọwọ́ náà ti ṣókùnkùn biribiri, oríkèé kò sí mọ́, ìyẹ̀fun igi kò sí mọ́. Ó wá dà bí ìbọ̀wọ́ dúdú tí ẹnìkan gbé lé orí pákó. Awọ dúdú nínú òjìji tètè máa ń bàjẹ́ nínú ìtẹ̀wé, nítorí pé yíǹkì a máa tàn ká díẹ̀ nínú bébà, pàápàá bébà tí kò dán, ibi tí ó ṣú díẹ̀ yóò sì di dúdú pátápátá.

Mo padà sórí fáìlì. Mo kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà mi kù, nítorí pé mo ti gbé e sókè dé góńgó láti ọjọ́ yìí wá, òun ni ó sì ń tàn mí jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé òjìji ọwọ́ náà sókè títí ó fi dà bí ẹni pé ó ti mọ́lẹ̀ jù, mo sì ra ẹ̀dà àyẹ̀wò kejì. Nígbà tí ó dé, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé ní ọ̀sán, nítorí pé iná gílóòbù a máa yí àwọ̀ padà. Oríkèé ìka náà ti padà. Mo lè ka ìlà awọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Búlúù náà kò padà sí bí ó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà, kò sì lè padà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dín màgẹ́ńtà inú rẹ̀ kù, ó kúrò ní àlùkò, ó sì jọ òwú tí mo fi ojú ara mi rí. Ilé iṣẹ́ náà ní fáìlì ICC lọ́fẹ̀ẹ́, tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi bí bébà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba yíǹkì hàn ṣáájú, àmọ́ wọ́n fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ìrànlọ́wọ́, níbi tí n kò ti rí i títí mo fi sanwó ẹ̀dà àyẹ̀wò kejì. Kò yẹ kí ohun tí ó ṣe pàtàkì tó báyìí wà níbẹ̀.

Bébà ni ó tẹ̀ lé àwọ̀. Ìwúwo ni wọ́n fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ìyẹn iye gíráàmù tí mítà onígun mẹ́rin kan bá wọ̀n. Bébà tí a fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ 80. Ẹ̀dà àyẹ̀wò mi àkọ́kọ́ wà lórí bébà dídán gíráàmù 100, nítorí pé òun ni ó dínwó jù, àwòrán ẹ̀yìn ojú ìwé sì ń yọjú láti iwájú bí ìgbà tí ènìyàn ń wo nǹkan láti inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gbé inú rẹ̀ lọ sí 150 tí kò dán, mo sì fi 250 ṣe èèpo. Bébà dídán máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tàn, ó dára fún fọ́tò ọjà títà, ṣùgbọ́n ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni, ó sì ń gba ìtẹ̀ka. Bébà tí kò dán ní ara tí ìka ń mọ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ pa ojú ìwé tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí àwòrán wọ̀nyí gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn èèpo nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Dúdú ni mo fi kún gbogbo rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sì là, ìlà funfun kéékèèké sì yọ lára yíǹkì. Bébà tí ó nípọn yẹ kí ó kọ́kọ́ ní ojú ìlà tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí i kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ, kí ìlà náà sì bá bí fọ́nrán inú bébà ṣe tò lọ. Ó hàn pé wọ́n ṣe é fún àwọn ẹ̀dà kan, wọn kò ṣe é fún àwọn kan. Nínú ẹ̀dà 60, mọ́kànlá ni ó là báyìí, méjì mìíràn sì wá pẹ̀lú igun tí ó ti ká, nítorí pé àpótí náà tóbi ju ẹrù inú rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tí ó dá ẹrù náà dúró lójú kan. Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹni tí ó dá mi lóhùn béèrè fọ́tò, kò bá mi jiyàn. Wọ́n tún 13 náà tẹ̀, ó sì tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tí ó jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ wọn nìyí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní ọjọ́ ìpàtẹ lọ́rùn kò ní rí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, kí ó sì ti fi oṣù kan gbáko sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹrù yóò dé àti ọjọ́ tí yóò lò ó.

Àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ èdè wa ní ìdí kan sí i láti ra ẹ̀dà àyẹ̀wò. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà àwọn èdè mọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ti fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ, àkópọ̀ lẹ́tà àti àmì ni ó dà, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Fọ́ǹtì tí mo kọ́kọ́ yàn lẹ́wà, àmọ́ àmì rẹ̀ ń fò lọ sórí lẹ́tà kejì, ó sì sọ orúkọ ènìyàn méjì di ohun tí kò ṣeé kà. Mo pàrọ̀ rẹ̀, mo sì rí i dájú pé fọ́ǹtì náà wọ inú PDF kí n tó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé kò le: magasíìnì tí yóò máa jáde léraléra ń gba ISSN, tí ó ní nọ́ńbà 8, ìwé tí yóò jáde lẹ́ẹ̀kan ń gba ISBN, tí ó ti jẹ́ nọ́ńbà 13 láti ọdún 2007. Ilé iṣẹ́ náà kò bá mi gba èyíkéyìí. Fúnra mi ni mo lọ gbà á. Bákan náà ni mo gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé náà, ẹnikẹ́ni tí yóò bá ta àwòrán ènìyàn kò sì gbọdọ̀ fo ìyẹn.

Nínú àwọn ẹ̀bùn, kàlẹ́ńdà ni ó dára jù. Bébà rẹ̀ nípọn, wáyà yíyípo rẹ̀ ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti magasíìnì mu, èyí tí n kò retí, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí oṣù Kìíní bá ti parí, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ẹni tí yóò ra kàlẹ́ńdà mọ́. Méjìlá nínú 40 tí mo tẹ̀ ni ó kù sí mi lọ́wọ́. Ní ọdún kejì mo yí bí mo ṣe tò ó padà: àwòrán wà lókè, ọjọ́ wà nísàlẹ̀, àlàfo tó dọ́gba wà láàárín wọn, kí ẹni tí ó bá rà á lè gé ọjọ́ kúrò nígbà tí oṣù bá parí kí ó sì fi àwòrán sínú férémù. Gbogbo rẹ̀ ni mo tà, àwọn ènìyàn sì sọ pé àlàfo yẹn gan-an ni ó mú àwọn rà á.

Káàdì já mi kulẹ̀. Títẹ̀ rẹ̀ mọ́, bébà rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ni ó dán, bí ènìyàn bá fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ yóò fà wúruwùru kó tó gbẹ. Káàdì tí a kò lè kọ nǹkan sí kì í ṣe káàdì. Ìkànnì náà kò sọ pé ojú méjèèjì ni ó dán. Wọ́n kàn kọ iye gíráàmù rẹ̀. Ní ìgbà kejì mo béèrè kí n tó rà, wọ́n sì fi èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán ránṣẹ́, ó sì dára. Ìwé àkọsílẹ̀ ní èèpo tí ó lẹ́wà àti bébà inú tí ó fẹ́lẹ́ jù, tí yíǹkì ń là kọjá. Mo tẹ àwòrán sára ife náà, n kò sì ní tún un ṣe. Ooru ni wọ́n fi ń gbé àwọ̀ wọ inú ohun tí wọ́n fi bo ara ife, ara ife funfun ni ó sì ń ṣe funfun inú àwòrán. Ó dára fún àwòrán tí ó ní ìlà díẹ̀ àti àwọ̀ tí ó tẹ́jú, kò dára fún ìlà awọ lórí oríkèé ìka.

Ní ti owó, ilé iṣẹ́ náà ń sọ iye tí títẹ̀ jẹ́ ní gbangba, oníbàárà ni ó sì ń fi èrè tirẹ̀ lé e, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ibi tí owó ti ń jò ni ìfiránṣẹ́. Magasíìnì A4 olójú ìwé 48 tí mo ṣàpèjúwe yìí wọ̀n ju gíráàmù 230 lọ, nígbà tí káàdì A6 tí bébà rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 350 ní mítà onígun mẹ́rin kò ju gíráàmù 5 àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tí kò lè sanwó ìfiránṣẹ́ magasíìnì lè sanwó ti káàdì mẹ́ta, ọ̀pọ̀ irú wọn sì padà wá ra magasíìnì nígbà tí mo ń ta á lójúkojú. Mo fi ẹ̀dà mẹ́wàá ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn tí mo ń fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Ẹnì kan nínú wọn pè mí lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní orí tábìlì òun ni magasíìnì náà ti wà láti ọjọ́ tí ó ti dé, àti pé gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni ó ń gbé e wò. Iṣẹ́ tí ó gbé fún mi ju èrè gbogbo ẹ̀dà 60 lọ. N kò rí irú rẹ̀ rí láti orí fóònù.

Fún magasíìnì àti kàlẹ́ńdà, mo fún wọn ní 4 nínú 5. Fún àwọn ẹ̀bùn yòókù, 2 péré, títí wọn yóò fi máa kọ irú ojú bébà sí ìkànnì kí ènìyàn tó sanwó. Magasíìnì mi kejì ti wà lọ́dọ̀ wọn, ojú ìwé 52, nọ́ńbà ojú ìwé ti kúrò létí, èèpo rẹ̀ sì funfun ní ibi tí wọ́n yóò ti ṣẹ́ ẹ po. Ẹ̀dà àyẹ̀wò dé ní ìjẹta. Mo ti gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ọwọ́ aránbàtà tí ó wà ní ojú ìwé 31 ṣì ṣókùnkùn díẹ̀ ní ìdí àtàǹpàkò, mo sì ti fi pẹ́ńsùlù yí ibẹ̀ ká.